Ẹ Jẹ́ Ká Wọn Òkun Ìlàjẹ Kí A Tó Tún Gbé Iṣẹ́ Odi Jáde

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ ìwé ìròyìn. Ẹ̀bẹ̀ ni mo fi lẹ́tà yìí bẹ̀. Kí ìjọba Ìpínlẹ̀ Oǹdó àti gbogbo àjọ tí ọ̀rọ̀ etí òkun kàn tó tún fọwọ́ sí iṣẹ́ odi kankan tí yóò dá òkun dúró ní ilẹ̀ Ìlàjẹ, ẹ bá wa sọ fún wọn pé kí wọ́n jẹ́ ká kọ́kọ́ wọn òkun náà. Ohun èlò kéékèèké tó ń léfòó lórí omi ni mo ní lọ́kàn, aléfòó tí a fi ìdákọ̀ró so sójú kan, tó ń ka bí ìgbì ṣe ga tó, bí omi ṣe gbóná tó àti bí iyọ̀ inú rẹ̀ ṣe pọ̀ tó, tó sì ń fi iye náà ránṣẹ́ sí etí omi. N kò sọ̀rọ̀ nípa èyí tí wọ́n máa kó wọlé láti òkè òkun nínú páálí ńlá, tí mínísítà á wá ṣí aṣọ lójú rẹ̀. Èyí tí a lè tò ní Igbókọ̀dá ni mò ń sọ, tí apẹja lè fi ọkọ̀ ara rẹ̀ gbé lọ sójú omi, tí ọmọ tó ń tún fóònù ṣe nínú ọjà lè tú palẹ̀ kó sì tún un tò.

Olùkọ́ físíìsì ni mí ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan ní Igbókọ̀dá. Ayétòrò, ìlú etí òkun Ìlàjẹ tí omi ń jẹ lọ, ni wọ́n bí mi sí. Apẹja ni bàbá mi, ìyá mi ń yan ẹja, ó sì ń sá edé, ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ṣì wà lórí omi títí di òní. Ẹni tó bá ti rí àwòrán Ayétòrò nínú ìwé ìròyìn mọ ohun tí òkun ti ṣe fún wa. N kò ní kà á lẹ́sẹẹsẹ níhìn-ín. Ibi tí ilé bàbá mi wà, àwọ̀n ni wọ́n ń da síbẹ̀ báyìí. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà ní bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran, ohun tó sì ń dùn mí nínú gbogbo ẹkún tí a ti sun lórí ọ̀rọ̀ Ayétòrò ni pé a kò tíì bẹ̀rẹ̀ sí í wo òkun yẹn dáadáa.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Ẹni tó bá fẹ́ kọ́ odi sí etí òkun gbọ́dọ̀ mọ ohun mẹ́ta: báwo ni ìgbì tó tóbi jù tó ń dé ibẹ̀ ṣe ga tó, ìṣẹ́jú àáyá mélòó ló wà láàárín ìgbì kan sí èkejì, apá ibo ni wọ́n sì ti ń wá. Ohun mẹ́ta yìí ló ń pinnu bí odi yóò ṣe ga tó, bí ẹsẹ̀ rẹ̀ yóò ṣe jìn tó, àti irú òkúta tí a ó kó síbẹ̀. Òfin kan wà tí àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ fi ń yan òkúta odi òkun: bí gíga ìgbì bá di ìlọ́po 2, ìwọ̀n òkúta gbọ́dọ̀ di ìlọ́po 8 kí ìgbì má baà gbá a lọ. Ìlọ́po 8! Ẹni tó bá ṣi gíga ìgbì kà díẹ̀, ó ti ṣi owó kà gan-an, tàbí kó ti kọ́ odi tí kò ní lè dúró. Ẹ bá mi béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni tó ti gba iṣẹ́ etí òkun ní agbègbè wa pé níbo ló ti rí gíga ìgbì tó lò.

Ti Èkó yàtọ̀ sí tiwa. Iyanrìn ni etí òkun láti Badagry títí kọjá Lẹ́kkí. Ẹrẹ̀ ni tiwa, láti Ayétòrò lọ sí apá ìlà-oòrùn. Ẹrẹ̀ rírọ̀ máa ń gba agbára lọ́wọ́ ìgbì tó bá gba orí rẹ̀ kọjá, ó sì yàtọ̀ láti ibì kan sí èkejì. Ìdí nìyí tí n kò fi gbà fún àwọn tó ń sọ pé kò sídìí láti wọn nǹkan kan mọ́, pé kọ̀ǹpútà àwọn ilé iṣẹ́ ojú ọjọ́ ńláńlá ti ń sọ bí ìgbì yóò ṣe rí káàkiri ayé, pé ọ̀fẹ́ sì ni lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Òótọ́ ni, èmi náà máa ń wò ó. Àmọ́ ojú agbami ni ìṣirò wọn ti dára jù. Bí ìgbì bá ti dé orí ẹrẹ̀ Ìlàjẹ, àfi kí ẹnìkan wà níbẹ̀ tó máa wọ̀n ọ́n, kó sọ fún ìṣirò náà pé ó ṣì í tàbí ó gbà á.

Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Èkó náà. Láàárín 1908 sí 1912 ni wọ́n to òkúta wọ inú òkun sí ẹnu ọ̀nà èbúté kí ọkọ̀ ńlá lè máa wọlé. Iyanrìn tó ń rìn láti ìwọ̀-oòrùn lọ sí ìlà-oòrùn dúró sí ẹ̀gbẹ́ kan òkúta náà, òkun sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ Bar Beach ní ẹ̀gbẹ́ kejì, ó jẹ ẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ ní ìlà-oòrùn èbúté Kòtònú àti ti Lomé. Odi tí a bá kọ́ fún Ayétòrò láìwo ibi tí omi ń gbé ẹrẹ̀ lọ lè di wàhálà fún Mọlutẹ̀hìn àti Awóyè. Ará ilé wa ni wọ́n.

Àwọn bàbá wa ní ìmọ̀ òkun, kí ẹnikẹ́ni má sọ pé wọn kò ní in. Òṣùpá ni wọ́n fi ń mọ ìgbà tí omi yóò kún. Ní òṣùpá tuntun àti ní òṣùpá àrànmọ́jú, omi a kún jù, a sì fà jù. Ìmọ̀ yẹn péye, ìwé físíìsì tí mo fi ń kọ́ àwọn ọmọ sọ bákan náà. Ṣùgbọ́n òṣùpá kò lè sọ ohunkóhun fún wa nípa ìgbì. Atẹ́gùn tiwa kọ́ ló bí ìgbì ńláńlá tó ń ya wọ ìlú wa. Ìjì tó ń jà ní ìsàlẹ̀ Àtìláńtíìkì lọ́hùn-ún, ní apá ibi tí òtútù wà, ló bí wọn, wọ́n á sì rin ìrìn tó ju 5,000 kìlómítà lọ kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ wa. Ìdí nìyí tí òkun fi lè máa ru lọ́jọ́ tí ojú sánmọ̀ mọ́ kedere, tí ewé àgbọn kan kò mì.

Ibí yìí ni mo fẹ́ kí ẹ bá mi dúró sí díẹ̀, torí òun ló mú mi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí. Ìgbì tí àlàfo ìṣẹ́jú àáyá 14 wà láàárín ìkan sí èkejì rẹ̀ ń rìn tó nǹkan bí 900 kìlómítà lóòjọ́. Ó máa lò tó ọjọ́ 6 lójú ọ̀nà kó tó kàn wá. Èyí tí àlàfo rẹ̀ gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ a máa yára ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí náà òun ló ń kọ́kọ́ dé. Nígbà tó bá kọ́kọ́ dé, kì í ga, ojú lásán kò lè yà á sọ́tọ̀ lára àwọn ìgbì yòókù. Ṣùgbọ́n aléfòó tó ń ka àlàfo á rí i: àlàfo tó ti ń jẹ́ ìṣẹ́jú àáyá 9 tàbí 10 láti ọjọ́ mélòó kan á ṣàdédé di 17, 18. Ìyẹn túmọ̀ sí pé ìgbì ńlá wà lójú ọ̀nà, ó sì kù díẹ̀ kó dé. Bí ìkìlọ̀ bẹ́ẹ̀ bá bọ́ sí ìgbà òṣùpá tuntun tàbí àrànmọ́jú, tí omi fúnra rẹ̀ ti ga, àkókò wà láti kó ọmọdé àti arúgbó kúrò nínú ilé tó wà níwájú, láti fa ọkọ̀ wọlé, láti gbé ẹ̀rọ ìyanja àti àpò edé sí òkè. Ọjọ́ 18 oṣù Ògún, 2012 ni òkun ya wọ etíkun Kúrámọ̀ ní Èkó tó sì gbé ènìyàn lọ. Ẹ yẹ kàlẹ́ńdà wò: òṣùpá tuntun bọ́ sí ọjọ́ 17.

Báwo wá ni aléfòó olówó pọ́ọ́kú ṣe ń ṣiṣẹ́? Nínú fóònù tó wà lọ́wọ́ yín, ẹ̀rọ kan wà tí kò tó èékánná ọmọdé. Òun ló ń mọ̀ bí ẹ bá dá fóònù dùbúlẹ̀, tí àwòrán á fi yí tẹ̀lé e. Ohun tó ń wọ̀n ni bí ìyára nǹkan ṣe ń yí padà, ì báà jẹ́ sókè tàbí sísàlẹ̀. Fi sínú ohun tó ń léfòó, kí ìgbì máa gbé e sókè kó máa sọ ọ́ kalẹ̀, kí o sì ní kó máa kọ ohun tó ń rí sílẹ̀. Ìṣirò ló kù láti sọ ọ́ di mítà. Dọ́là díẹ̀ ni wọ́n ń tà á. Sẹ́ńsọ̀ tó ń wọn ooru omi, èyí tí wọ́n ń pè ní DS18B20, tí irin wẹ́rẹ́ bò lára tí omi kò lè wọlé sí, òun náà kò ju dọ́là díẹ̀ lọ, kì í sì í ṣì ju ìdajì dígírì kan lọ. Bọ́ọ̀dù tó ń darí gbogbo wọn ni Arduino. Ilé ẹ̀kọ́ kan ní ìlú Ivrea ní Ítálì ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 2005, kí akẹ́kọ̀ọ́ tí kò lówó lọ́wọ́ lè rí nǹkan fi ṣe iṣẹ́ ọpọlọ.

Èyí tí ilé iṣẹ́ ńlá ń tà, owó rẹ̀ máa ń tó ọ̀pọ̀ ẹgbàárùn-ún dọ́là. N kò sọ pé kò dára. Ó dára gan-an, ó sì yẹ kí a ní ìkan tàbí méjì tí a ó máa fi tiwa wé. Àmọ́ ní 2022, àwọn onímọ̀ ní ilé iṣẹ́ ojú ọjọ́ ti orílẹ̀-èdè Nọ́wè gbé ìlànà aléfòó kan jáde tí wọ́n pè ní OpenMetBuoy. Ohun èlò inú rẹ̀ kò tó 1,000 dọ́là, ó ń bá sátẹ́láìtì sọ̀rọ̀, ìlànà rẹ̀ sì wà fún ẹnikẹ́ni láti mú lọ́fẹ̀ẹ́. Àárín yìnyín òkun ni wọ́n ti ń lò ó. Bí ohun tí ọwọ́ lásán tò bá lè ṣiṣẹ́ láàárín yìnyín, kí ló fẹ́ dí i lọ́wọ́ ní Ìlàjẹ?

Èyí tí èmi àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi tò kò tíì tó ti Nọ́wè. Páìpù omi funfun tó nípọn ni ara rẹ̀, kẹ́ẹ̀gì tí àwọn apẹja fi ń gbé àwọ̀n dúró ló mú un léfòó, a fi ọ̀dà òféèfèé kùn ún kí ọkọ̀ má baà gùn ún. Bátìrì rẹ̀ wá láti inú kọ̀ǹpútà alágbèéká tó ti bàjẹ́. Ọmọ kan tí mo kọ́ ní kíláàsì, tó ń tún fóònù ṣe báyìí, ló yọ ọ́, tó sì yẹ ọ̀kọ̀ọ̀kan wò. Sólà kékeré wà lórí rẹ̀. Níbi tí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì bá dé, káàdì SIM ló fi ń ránṣẹ́; níbi tí kò bá dé, rédíò kékeré tí wọ́n ń pè ní LoRa. Rédíò yìí kì í jẹ iná púpọ̀, ojú omi sì tẹ́jú, kò sí igi kò sí òkè, nítorí náà ó lè rin kìlómítà mélòó kan bí a bá gbé ẹ̀rọ tó ń gbọ́ ọ sí orí ilé ìjọsìn tó ga.

Báwo la ṣe mọ̀ pé kò purọ́? Ẹni tó bá fẹ́ gba ọ̀rọ̀ aléfòó olówó pọ́ọ́kú gbọ́ gbọ́dọ̀ béèrè bẹ́ẹ̀, inú mi sì máa ń dùn sí i. Ti ooru rọrùn: omi yìnyín tó ń yọ́ nínú ife gbọ́dọ̀ jẹ́ òdo. Ti ìgbì, a wá pákó gígùn kan fún un, a gún un láàárín kó lè máa yí po, a so ẹ̀rọ rọ̀ sí orí rẹ̀ kan kó lè máa dúró ṣánṣán, a sì so ohun tó wúwo bákan náà sí orí kejì. Bí ọ̀nà tí ẹ̀rọ náà ń tọ̀ bá fẹ̀ ní mítà 2, tí pákó sì ń yí lẹ́ẹ̀kan ní ìṣẹ́jú àáyá 10, ìgbì mítà 2 ni aléfòó gbọ́dọ̀ kà, pẹ̀lú àlàfo 10. Àwọn tó ń ṣe aléfòó olówó ńlá náà ń fi àgbá ńlá tó ń yí po yẹ tiwọn wò. Nínú pápá ilé ẹ̀kọ́ wa la ti ṣe é, akẹ́kọ̀ọ́ kan ń ka aago, èkejì ń yí pákó. Irú ìgbì bẹ́ẹ̀, agbára tó fi ń ti ẹ̀rọ náà kò ju ìdá kan nínú 25 agbára òòfà ilẹ̀ lọ. Nítorí náà bí aléfòó bá fì sẹ́gbẹ̀ẹ́, tí ìṣirò kò sì yọ ìfìsẹ́gbẹ̀ẹ́ náà kúrò, iye tó máa sọ á dàrú. Àwọn ọmọ yẹn kò tún ní gbàgbé ẹ̀kọ́ òòfà ilẹ̀ mọ́ láyé wọn.

Ohun kan tún wà tí mo fẹ́ràn nínú iṣẹ́ yìí. Àwọn onímọ̀ òkun kì í mú ìgbì kan ṣoṣo. Wọ́n á kó gbogbo ìgbì tó kọjá láàárín ogún sí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, wọ́n á ṣa ìdá kan nínú mẹ́ta tó ga jù, wọ́n á wá ìpíndọ́gba gíga wọn. Iye yìí máa ń súnmọ́ ohun tí ojú ẹni tó ti pẹ́ lórí omi bá sọ. Bí ẹ̀gbọ́n mi bá sì wo omi tó ní "mítà kan àti díẹ̀ ni," mo ti mọ irú iye tó yẹ kí n retí.

Ẹ̀gbọ́n mi yìí kan náà ló kọ́ wa bí a ṣe ń so ó. Èmi fẹ́ lo búlọ́ọ̀kù kọnkéré pẹ̀lú ṣéènì kúkúrú. Ó ní, "Má so ó le. Ohun tí a bá so le lójú òkun, òkun á já a. Búlọ́ọ̀kù yẹn náà, ẹrẹ̀ á gbé e mì, o ò ní lè fà á yọ mọ́." Ó gbé ìdákọ̀ró onítẹ́ẹ́rẹ́ fún wa, ó fi okùn tó gùn ju jíjìn omi lọ dáadáa sí i, ó sì fi rọ́bà tíúbù ọkọ̀ sí àárín okùn kí aléfòó lè máa bá ìgbì gòkè láìsí pé okùn ń fà á sísàlẹ̀. Nígbà tó yá ni mo kà á pé àwọn ilé iṣẹ́ tó ń ta aléfòó ìgbì náà ń fi okùn rọ́bà sí tiwọn.

Omi iyọ̀ kì í ṣàánú ẹnikẹ́ni. Àwọn ẹ̀dá elékaraun wẹ́wẹ́ tó máa ń lẹ̀ mọ́ ìdí ọkọ̀ á bo sẹ́ńsọ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀ bí a kò bá dí wọn lọ́nà. Bàbà ni wọn kì í fẹ́. Wáyà bàbà tí àwọn tó ń rìwáíńdì ń yọ nínú jẹ́nẹ́rétọ̀ tó ti jó la fá ara rẹ̀ mọ́, tí a wé yí sẹ́ńsọ̀ ká. Iyọ̀ ló le jù láti wọ̀n pẹ̀lú owó kékeré, torí iná díẹ̀ la ń gba inú omi kọjá láti mọ̀ ọ́n, ìdọ̀tí kékeré tó bá lẹ̀ mọ́ ọn sì ti tó láti yí iye náà padà. Síbẹ̀ a kò lè fi sílẹ̀. Láti ìgbà tí wọ́n ti la odò sínú òkun fún iṣẹ́ epo ní agbègbè Awóyè ni omi iyọ̀ ti ń wọ inú igbó àti odò tí omi dídùn wà tẹ́lẹ̀. Àwọn obìnrin tó ń pọn omi mọ̀ ọ́n lẹ́nu, àwọn tó ń pa ẹja odò mọ̀ ọ́n nínú àwọ̀n. Kò sí àkọsílẹ̀ tí wọ́n lè gbé lọ síwájú adájọ́.

Ọ̀rọ̀ tó ṣe pàtàkì jù lọ́kàn mi ni ti ẹni tó ni aléfòó. Láti 1997 ni Amẹ́ríkà, Faransé àti Brazil ti jọ ń so àwọn aléfòó ńláńlá mọ́lẹ̀ ní Àtìláńtíìkì, iṣẹ́ tí wọ́n pè ní PIRATA. Ọ̀kan nínú wọn wà ní ojú ibi tí ìlà ìdajì ayé ti pàdé ìlà òdo tó gba Greenwich kọjá, ní gúúsù Ghana. Soul ni orúkọ rẹ̀. Ó ju 800 kìlómítà lọ sí Igbókọ̀dá. Iṣẹ́ ńlá ni wọ́n ń ṣe. Ṣùgbọ́n ọ̀kan nínú ohun tó ń yọ wọ́n lẹ́nu jù ní apá ọ̀dọ̀ wa yìí ni àwọn ọkọ̀ apẹja. Ẹja máa ń kó ara wọn jọ sábẹ́ ohunkóhun tó bá léfòó, nítorí náà ọkọ̀ á wá, á so ara rẹ̀ mọ́ aléfòó, á já okùn, á ba sẹ́ńsọ̀ jẹ́, nígbà míràn á yọ ohun tó wà lórí rẹ̀ lọ. N kò gbè fún ẹni tó ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n apẹja tó rí nǹkan aláràbarà lójú omi rẹ̀, tí kò sẹ́ni tó bá a sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀, tí kò rí àǹfààní kankan jẹ níbẹ̀, kí ló fẹ́ mú un bọ̀wọ̀ fún un?

Ní àríwá ìlà-oòrùn Amẹ́ríkà, láti 2001 ni àwọn apẹja tó ń fi ìgèrè ṣiṣẹ́ ti ń so ẹ̀rọ tó ń wọn ooru mọ́ ìgèrè wọn, nínú iṣẹ́ kan tó ń jẹ́ eMOLT. Ẹ̀rọ náà wà lọ́wọ́ apẹja, iye tó bá kà sì ń ran apẹja lọ́wọ́. Bẹ́ẹ̀ ni mo fẹ́ kó rí níbí. Kí aléfòó Ayétòrò jẹ́ ti ẹgbẹ́ apẹja Ayétòrò, kí ti Awóyè jẹ́ ti Awóyè, kí orúkọ ìlú wà lára rẹ̀ gàdàgbà, kí owó oṣù díẹ̀ wà fún ẹni tó ń ṣọ́ ọ tó sì ń fọ ara rẹ̀. Kí wọ́n lè fi ìwọ̀ pẹja nítòsí rẹ̀, kí wọ́n má kàn da àwọ̀n yí i ká. Ní ti àwọn tírọ́là, ọkọ̀ apẹja ńláńlá, tó ń wọ inú omi tí kò yẹ kí wọ́n wọ̀ lóru, ọ̀rọ̀ ìjọba nìyẹn, aléfòó kò lè yanjú rẹ̀.

Àwọn kan ti sọ fún mi pé èyí ju agbára wa lọ. Ó máa ń bí mi nínú. Ní 1947 ni àwọn tó dá Ayétòrò sílẹ̀ tẹ ìlú dó sórí ẹrẹ̀, níbi tí kò sẹ́ni tó rò pé ènìyàn lè gbé. Wọ́n kan ọkọ̀ ojú omi fúnra wọn, wọ́n hun aṣọ, wọ́n ṣe bàtà, wọ́n sì ní iná mọ̀nàmọ́ná tiwọn nígbà tí ọ̀pọ̀ ìlú ńlá ní ilẹ̀ Yorùbá ṣì ń tan àtùpà. Ọmọ ọmọ àwọn ènìyàn yẹn ni wọ́n ń sọ pé kò lè to páìpù, bátìrì àti wáyà pọ̀.

Ìmọ̀ sì wà nítòsí. Ẹ̀ka ẹ̀kọ́ nípa òkun wà ní yunifásítì FUTA ní Àkúrẹ́ àti ní Yunifásítì Èkó. Yunifásítì OAUSTECH wà ní Okitipupa, ẹ̀gbẹ́ ilé wa gan-an. Ilé iṣẹ́ ìwádìí òkun ti ìjọba àpapọ̀, NIOMR, ti wà ní Victoria Island láti 1975. Ní Ghana, ilé ẹ̀kọ́ ìgbà díẹ̀ kan lórí ìmọ̀ òkun tó ń jẹ́ COESSING bẹ̀rẹ̀ ní 2015, àwọn ọmọ Nàìjíríà náà ń jàǹfààní rẹ̀. Ní Grand Popo ní Benin, ní 2013 ni wọ́n gbé kámẹ́rà kan sórí ilé ìṣọ́ kó máa wo ìgbì àti etíkun, èyí sì ti jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé ìgbì tó sábà ń dé ọ̀dọ̀ wọn ga ju mítà kan lọ díẹ̀, pẹ̀lú àlàfo bí ìṣẹ́jú àáyá 9. Òkun kan náà ni. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń ka ẹ̀kọ́ ẹ̀rọ tàbí kọ̀ǹpútà, tó ń wá àkòrí iṣẹ́ ìwádìí àṣekágbá, ẹ má tún lọ da ìwé ẹlòmíràn kọ. Ẹ máa bọ̀ ní Igbókọ̀dá.

Mo mọ̀ pé àwọn ará ilé mi kan máa ka èyí, wọ́n á ní, "Aburo, òkun ń gbé wa lọ, ẹ ń sọ pé ẹ fẹ́ wọ̀n ọ́n?" Mo gbọ́ yín. N kò ní kí ẹnikẹ́ni dáwọ́ àpò iyanrìn dúró. N kò ní kí wọ́n má kó àwọn tó wà níwájú lọ sí ibi tó gbẹ. Aléfòó lè wọ omi láàárín oṣù kan, nígbà tí àwòrán odi lásán máa ń gbà ju ọdún kan lọ. Kí àkọsílẹ̀ wà láti ìgbà òjò kan sí ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn kan, láti Aráròmí títí dé Awóyè, kí ẹni tó gba iṣẹ́ odi tó bẹ̀rẹ̀ sí í kó òkúta. Kí àkọsílẹ̀ náà má ṣe wà nínú àpótí ọ́fíìsì ẹnikẹ́ni. Kí ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ lè rí i, lójoojúmọ́, ní mítà àti ní ìṣẹ́jú àáyá, kí rédíò máa kà á ní Yorùbá àti ní ẹnu Ìlàjẹ láàárọ̀ kí ọkọ̀ tó jáde, kí àsíá aláwọ̀ pupa sì wà ní èbúté fún ẹni tí kò ní rédíò.

Ẹ̀yin olóòtú, tiyín ló kẹ́yìn. Ẹ ń tẹ àbájáde bọ́ọ̀lù lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, ó dára, àwa náà ń kà á. Ẹ bá wa ya igun kékeré kan sọ́tọ̀ nínú ìwé ìròyìn yín fún òkun: ọjọ́ òṣùpá tuntun àti àrànmọ́jú, wákàtí tí omi yóò kún tí yóò sì fà ní Èkó, àti gíga ìgbì pẹ̀lú àlàfo rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Ti Igbókọ̀dá, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi ti ṣetán láti máa kọ ọ́ ránṣẹ́ sí yín ní ọjọ́ tí ẹ bá dá fún wa, láìgba kọ́bọ̀.

Èmi ni tiyín tòótọ́,
Olùkọ́ físíìsì kan,
Igbókọ̀dá, Ìpínlẹ̀ Oǹdó.